Ẹ Wà Á Wá, Ẹ Má Gbé E Wá

 Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, a mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kí ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún tún máa dán gbinrin lójú oòrùn, a ò sì ní fi ẹnu àbùkù kan iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìgbìmọ̀ ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ nípa àfihàn ọkọ̀ àtijọ́ ti ọdún yìí ti dé ọwọ́ wa, ìlà kan sì wà nínú rẹ̀ tí a kò lè gbé mì. Wọ́n ní gbogbo ọkọ̀ tí yóò bá wọ inú ọgbà gbọ́dọ̀ wá lórí lóbẹ́ẹ̀dì, ìyẹn tirélà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó katapílà. Wọ́n tún ní inú owó tí àwọn bá pa lọ́jọ́ náà ni àwọn yóò ti yọ owó lóbẹ́ẹ̀dì. Owó yẹn kan náà ni wọ́n ti ṣèlérí láti èṣí pé àwọn yóò fi tún yàrá ìkàwé ẹ̀ka Yorùbá ṣe, yàrá tí òjò ń jò sórí ìwé nínú rẹ̀.

Àwa tí a ń kọ èyí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì rò pé torí owó nìkan ni. Bí olóore kan bá tilẹ̀ gbé lóbẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí a ó sọ kò ní yí padà: ọkọ̀ tó bá lè rìn, ẹ wà á wá. Èyí tí kò bá lè rìn, ẹ jẹ́ kó wà nílé títí ẹ ó fi tún un ṣe tí yóò lè rìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí à ń sọ gan-an. Láti Òṣogbo sí Ẹdẹ kò jìnnà rárá. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń rìn ín lójoojúmọ́ nínú bọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Maruwa ń ná an. Àwọn ìyá alátà ń ná an nínú ọkọ̀ tó ti gbàgbé ọdún tí wọ́n ṣe é. Ojú ọ̀nà yìí náà ni ẹ̀gbọ́n wa kan ní Òṣogbo gbà lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú Peugeot 504 Coupé rẹ̀, ọkọ̀ asáré onílẹ̀kùn méjì tó rẹwà ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ. Orí lóbẹ́ẹ̀dì ni ọkọ̀ náà wà. Bẹ́líìtì mẹ́rin ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀, tapólì ni wọ́n fi bò ó, ẹ̀gbọ́n fúnra wọn sì ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ Toyota.

Ó tó nǹkan bíi wákàtí kan kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n fi okùn yí i ká, wọ́n gbé pátákó síwájú rẹ̀ pé kí a má fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan nínú wa bẹ awakọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó ṣáà sítáàtì rẹ̀, ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí epo nínú rẹ̀, pé bátìrì gan-an wà nílé. Bátìrì wà nílé! Kí wá ni a wá wò? A wo irin tí wọ́n kùn lọ́dà, a ya fọ́tò, a lọ jẹ ìrẹsì.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí ọkọ̀ yẹn jẹ́. Ọdún 1969 ni Peugeot mú 504 Coupé jáde, iléeṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀ tó sì ń kàn án, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1983. Ara yẹn nìkan ló jẹ́ ti Ítálì. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹbí kan náà ni pẹ̀lú Peugeot 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1975, èyí tí àwọn òbí wa fi ṣe takisí, tí wọ́n fi gbé ìyàwó, tí wọ́n fi gbé aláboyún lọ sí ọsibítù lóru. Ní ọdún 1978, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Jean-Pierre Nicolas wa irú Coupé yìí, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V6, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya. Lọ́dún kan náà ó tún fi í gba ipò kìíní nínú ìdíje Bandama ní Côte d'Ivoire. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni méjèèjì, nínú ẹrẹ̀, nínú eruku, nínú òkúta. Irú ọkọ̀ yìí ni a wá ń gbé bí ìkókó láti Òṣogbo wá sí Ẹdẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni wá, nítorí náà ẹ má bínú bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ wò díẹ̀. Nígbà tí àwọn baba wa rí ọkọ̀ kékeré yìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n pè é, èyí tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìrìn rẹ̀ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọn ò wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ọkọ̀ akérò onípákó tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń torí èrò wọ̀yá ìjà, bọ́lẹ̀kájà ni. Volkswagen tó ru igbá sẹ́yìn tó ń rọra fà lọ, ìjàpá ni. Kódà tòkunbọ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé, nígbà tí wọ́n ṣì ń gba Kútọnu kó o wá, wọ́n máa ń wà á ni láti èbúté, òun náà a sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. A wá inú èdè wa títí, a kò rí orúkọ fún ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri tí kì í gbé ara rẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ ni pósí. Pósí ni wọ́n ń kùn, tí wọ́n ń nù, tí wọ́n ń náwó lé lórí, tí wọ́n sì ń gbé lọ síbi tí èrò pọ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n kan sọ fún wa pé ojú wa kò tíì là, pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní òkè òkun. Ṣé òótọ́ ni? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kọkànlá ọdọọdún, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1905 máa ń gbéra láti London lọ sí Brighton, nǹkan bíi kìlómítà 96. Ìrántí ìrìn àjò ti ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1896 ni, nígbà tí ìjọba mú òfin tó dè wọ́n lọ́wọ́ kúrò, tí ọkọ̀ láǹfààní láti sáré ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ wò ó, ọkọ̀ tó ti lé ní ọgọ́fà ọdún! Àwọn mìíràn nínú wọn kò ní òrùlé. Òjò máa ń pa wọ́n, wọ́n máa ń kú sójú ọ̀nà, ẹni tó ni ín á sọ̀ kalẹ̀, á tún un ṣe níbẹ̀, èrò á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ní Pebble Beach ní California, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àfihàn láti ọdún 1950, ọkọ̀ wà níbẹ̀ tí owó rẹ̀ lè kọ́ odidi àdúgbò kan ní Ẹdẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dé ìlú náà lórí tirélà, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìdíje tó pé, ìrìn àjò kan wà tí wọ́n ń wà wọ́n rìn lójú títì, bí máàkì ọkọ̀ méjì bá sì dọ́gba, èyí tó parí ìrìn àjò náà ni wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn. Àwọn olówó wọ̀nyẹn gan-an mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ilé. Ní ọdún 2024, Pelumi Nubi wa Peugeot 107 kékeré kan láti London títí dé Èkó, òun nìkan, fún nǹkan bí oṣù méjì. Ìjàǹbá ọkọ̀ bá a ní Côte d'Ivoire, ó tún ọkọ̀ náà ṣe, ó tẹ̀síwájú. Àwa ń tẹ̀ lé e lórí fóònù láti inú họ́sítẹ́ẹ̀lì, bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù. Nígbà tó wọ Nàìjíríà, àwọn èèyàn dúró dè é. Bó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ ojú omi ni Peugeot náà bá dé sí Apápá, ta ni ìbá jáde wá wò ó? Peugeot 107 kì í ṣe ọkọ̀ àtijọ́, kì í ṣe ọkọ̀ asáré, ẹ̀gbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà láyé. Ọ̀nà tó rìn ló sọ ọ́ di ohun ìwò.

Àwọn ẹ̀gbọ́n ní àwíjàre, a sì ti jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà kò dára. Kò dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni lóbẹ́ẹ̀dì ń gbà? Kòtò kan náà ló ń já sí, pẹ̀lú taya tó le bí òkúta, ọkọ̀ tí wọ́n sì fi bẹ́líìtì fà mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀ kò lè fi sípíríìn ara rẹ̀ gbà á bó ti yẹ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ á rí kòtò, á yà á. Awakọ̀ lóbẹ́ẹ̀dì kò bìkítà fún kòtò tí kò lè ba taya tirẹ̀ jẹ́. A ò tíì sọ ti gígùn òun sísọ̀, nígbà tí imú ọkọ̀ asáré tó sún mọ́ ilẹ̀ ń ha irin. Coupé ti èṣí, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ló ti fara ha. Ọwọ́ wa kọ́ ló ha á o!

Wọ́n ní epo ti wọ́n. Ta ni kò mọ̀? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àwa náà ti ń fẹsẹ̀ rìn láti géètì. Ṣùgbọ́n lítà márùn-ún pọ̀ jù fún ọkọ̀ onílítà méjì láti Òṣogbo wá kó sì padà. Ẹ lọ béèrè iye dísùú tí lóbẹ́ẹ̀dì ń mu, kí ẹ tún rántí pé yóò padà lófìfo, yóò tún wá gbé e nírọ̀lẹ́.

Wọ́n ní wíwà ń jẹ ọkọ̀. Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa, nítorí pé àìwà ló ń jẹ ọkọ̀ jù, bàbá mẹkáníìkì kan tí a lọ bá ní Ẹdẹ níbí ló sì là á yé wa. Epo bẹntiróòlù tó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀ yóò gbẹ, yóò fi ohun kan tó ń lẹ̀ bí oje igi sílẹ̀, yóò dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí epo ń gbà. Epo bírékì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn á mú kí irin inú bírékì dípẹtà, lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò há síbẹ̀. Rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì á gbẹ, á sán. Taya tó dúró sójú kan á tẹ́ nídìí. Eku á jẹ wáyà. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ohun tí bàbá sọ nípa àwọn tó ń sítáàtì ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré kó lè gun orí lóbẹ́ẹ̀dì. Ó ní kò sí ohun tó burú tó o fún ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, epo púpọ̀ ni wọ́n ń rọ sí i kó tó dáhùn, apá kan epo yẹn á ṣàn lọ bá ọ́ìlì, omi á sì dúró sínú sàlẹ́ńsà nítorí pé ooru kò tíì pọ̀ tó láti gbé e jáde. Kí ọkọ̀ rìn díẹ̀ kó gbóná dáadáa, ìyẹn gan-an ni oògùn rẹ̀. Láti Òṣogbo sí Ẹdẹ tó o bẹ́ẹ̀.

Bàbá yìí ń fi etí tún kábúrétọ̀ ṣe. Yóò fi ọbẹ kékeré kan yí ìdè rẹ̀ díẹ̀, yóò dákẹ́, yóò ní, "Ó ṣì ń wúkọ́," yóò tún yí i. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń mí, ó ń súfèé, ó ń ráhùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni à ń kọ sínú ìwé fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ọ̀kan nínú wa ń ṣe lórí èdè àwọn mẹkáníìkì. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló kù lọ́dọ̀ bàbá, kò sì sí èyí tó fẹ́ kọ́ kábúrétọ̀ nínú wọn. Kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ òde òní ni wọ́n fẹ́, wọn ò sì jẹ̀bi, ibẹ̀ ni owó wà. Ìgbà wo ni ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ ń wọ ọgbà bàbá? Ọkọ̀ tí lóbẹ́ẹ̀dì ń gbé láti gáréèjì dé pápá àfihàn, tó tún gbé e padà, kò nílò mẹkáníìkì. Ẹni tó ń kùn ún lọ́dà nìkan ló nílò. Ẹ ní ẹ ń pa ohun àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n irin nìkan ni ẹ ń pa mọ́. Ìmọ̀ tó mú irin náà rìn ń kú lọ lẹ́bàá yín, nítorí pé ẹ kò gbé iṣẹ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ sọ síta. Kì í ṣe ọ̀nà, kì í ṣe epo. Ẹ̀rù yẹ̀yẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rù pé bí Coupé bá kú sí ìkóríta Àkódà lójú àwọn ọlọ́kadà, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ là sílẹ̀, tí èéfín ń jáde, wọn ó máa yàwòrán òun sórí WhatsApp. A mọ ìbẹ̀rù yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa, ta ni kò tíì ti ọkọ̀ rí ní Nàìjíríà? Bàbá ta ni kò tíì sọ̀ kalẹ̀ rí nínú agbádá láti wo rédíétọ̀? Bó bá kú, a ó tì í. Ogún èèyàn ló máa sáré wá tì í, mẹ́wàá nínú wọn á sì máa sọ ìtàn Peugeot bàbá wọn bí wọ́n ṣe ń tì í lọ. Ìtàn yẹn ni àfihàn. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀, ọkọ̀ tí kò bá ní àpá kankan lára kò tíì lọ síbì kankan.

Ẹdẹ gan-an kọ́ ni ibi tó yẹ kí a ti máa sá fún ojú ọ̀nà. Kí ni wọ́n fi dá ìlú yìí sílẹ̀? Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé Aláàfin ló rán Tìmì àkọ́kọ́ wá síbí nítorí àwọn tó ń dá àwọn oníṣòwò lọ́nà. Kí èrò lè rìn ni Ẹdẹ fi wà. Tìmì tí gbogbo ayé mọ̀ jù lọ nínú àwọn tó jẹ tẹ̀ lé e, Ọba John Adétòyèsé Láoyè, tó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, ohun tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ ni pé ó jẹ́ ọba tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀. Ó kọ nípa ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959, ó sì lè gbé dùndún kọ́ èjìká kó lù ú níwájú ẹni yòówù. Ìlù olówó iyebíye ni ti ààfin. Bó bá wù ú, ó lè ní kí wọ́n gbé e sínú gíláàsì kí àlejò máa wò ó. Ọba yìí mọ̀ pé dùndún tí wọn kò lù, awọ rẹ̀ á gbẹ, ọṣán rẹ̀ á le, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún gbé e kọ́ èjìká, kò ní fọhùn bó ti yẹ. Àwọn tó ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ alohùn ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé oríkì tí a kọ sínú ìwé tí ẹnu kò ké ti di òkú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà jókòó nínú kíláàsì yẹn kan náà ṣáájú wa. Báwo ló ṣe wá di pé ọkọ̀ nìkan ni kò kàn?

A ò sọ pé kí gbogbo ọkọ̀ máa rìn o. Ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn ní Èkó, ihò ọta wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní làákàyè tó máa ní kí wọ́n wa ìyẹn lọ síbì kankan. Ẹ̀rí ikú èèyàn ni, kó jókòó jẹ́ẹ́. Bákan náà, ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìbàdàn ní MG láti ayé ìgbà tí a ṣì ń wa ọkọ̀ lápá òsì títì ní Nàìjíríà, kó tó di pé a yí padà sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń darí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó jókòó sí apá ọ̀tún nínú ọkọ̀ kúkurú, tó fẹ́ kọjá lára tirélà tó kó símẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Kò lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú àfi bó bá ti yọ ara ọkọ̀ sínú ewu. Ìyẹn, ẹ gbé e wá, a ò ní bá yín jà, a ó tilẹ̀ bá yín wá okùn. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè, tó ń bẹ̀rù àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà, kí òun náà gbé e dé Gbọ̀ngán, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kó sì wà á wọ Ẹdẹ. Ẹ̀mí ju ọkọ̀ lọ.

Taya ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Taya ọkọ̀ àtijọ́ kì í jẹ, ó máa ń gbó ni, ó lè dà bí tuntun kó sì bẹ́ lójú eré. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Owó taya mẹ́rin yóò wúlò fún yín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti lóbẹ́ẹ̀dì á tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ṣe kò pọ̀. Ẹ yọ ìlà lóbẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí owó yàrá ìkàwé dé yàrá ìkàwé. Ẹ̀bùn tí ẹ fẹ́ fún ọkọ̀ tó dára jù, ẹ fún èyí tó bá rin ọ̀nà jíjìn jù lọ wá, ì báà jẹ́ ìjàpá tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí.

Àwa náà ti ṣètò tiwa. Láti agogo méje àárọ̀ ọjọ́ náà ni a ó ti wà ní Àkódà, kí oòrùn tó mú, kí ọjà tó kún. Bàbá mẹkáníìkì ti gbà láti bá wa dúró, òun àti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gálọ́ọ̀nù omi mẹ́fà wà fún rédíétọ̀. Àwọn onídùndún mẹ́ta láti inú kíláàsì wa ni yóò máa lu orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá wa ọkọ̀ rẹ̀ dé, ẹ fi orúkọ àti oríkì yín ránṣẹ́ sí wa kí wọ́n lè fi dánra wò. Ọkọ̀ tó bá wá lórí lóbẹ́ẹ̀dì lè gba géètì ẹ̀yìn wọlé, a ti bá àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ti Òṣogbo, ẹ tètè gbé bátìrì yẹn síná o.